Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Ìju Ni

Bí mo bá lọ sílé ní Ìkìrun, n kì í tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo ṣì ń ṣe ní Onitsha? Ọkọ ò sí níbẹ̀, ọmọ ò sí níbẹ̀, ẹbí ò sí níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin á ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, àfi bí wọ́n bá fi nǹkan dè mí mọ́ etí Odò Ọya. Èmi á rẹ́rìn-ín. Èmi á ní iṣẹ́ ni, àwọn oníbàárà mi ò ní jẹ́ kí n sinmi. Irọ́ ni. Aránṣọ tó bá mọ iṣẹ́, kò sí ìlú tí kò ti ní jẹun. Ohun tó dè mí mọ́bẹ̀ ni mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì ní tún un sọ, nítorí ó ń dùn mí.

Ọkọ mi ni mo tẹ̀ lé débẹ̀. Ogun ti parí, owó epo rọ̀bì ti ń ya wọ ìlú, gbogbo ẹni tó lápá ló ń kọ́lé. Iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń kọ́ ilé àti ọ̀nà ló gbé ọkọ mi lọ pé kó máa ṣe akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rù wọn. Onitsha tí mo bá, sìmẹ́ńtì ni lọ́tùn-ún, yanrìn ni lósì. Ilé tuntun á wà níbí, ilé tí ìbọn ti dá lu bí ajere á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ á sì wà lórí okùn níwájú àwọn méjèèjì. Ilé tí a gbà lẹ́bàá Iweka Road náà ní ihò ìbọn tirẹ̀ lára ògiri. Onílé ti dí díẹ̀ nínú wọn, ó fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní sìmẹ́ńtì ti wọ́n jù, àti pé ihò yẹn ò kúkú jò.

Opó ni onílé yìí, ọmọ Oba, ìlú kan lójú ọ̀nà Owerri. Mama Chinedu ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ yí mi ká, ó rò pé nǹkan ló jábọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá. Nígbà tó rí i pé mi ò dìde, ó fà mí lápá, ó fi pijin bi mí pé kí ni mo ṣe tí mo fi ń bẹ òun. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn ní ẹ káàárọ̀ ni. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó. Láti ọjọ́ náà ló ti di Nne fún mi, ìyẹn ìyá lédè wọn, òun náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń fi ìfẹ́ pe obìnrin bẹ́ẹ̀. Mi ò sì kúnlẹ̀ kí i mọ́, nítorí ìgbà gbogbo tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà.

Kì í ṣe oúnjẹ ló ṣe mí jù, kì í ṣe ooru. Ẹnu mi ni. Láti àárọ̀ tí ọkọ mi bá ti jáde títí yóò fi dé ní ìrọ̀lẹ́, mi ò ní rí ẹni tí mo lè sọ Yorùbá sí. Èmi tí ìyá mi máa ń bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn náà ráyè sọ̀rọ̀, mo di ẹni tó ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀rọ̀. Bí òwú bá já, mo ń bú u. Bó bá gba aṣọ tó nípọn kọjá láìṣẹ́ abẹ́rẹ́, mo ń kí i kú iṣẹ́. Tí ọkọ mi bá wá dé, gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti àárọ̀ ni màá dà lé e lórí, ọkùnrin tó ti rẹ̀, á kàn máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí oorun á fi gbé e lọ lórí àga.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ná ọjà lédè Igbo, òwú ni mo fẹ́ rà. Mo ní, “Ego ole?” Ó dá iye lé e, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo ní, “Mba.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ òmíràn. Mo tún ní, “Mba.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi “èló ni” àti “rárá” ra òwú, tí mo sì ń yan bọ̀ nílé bí ẹni tó ra gbogbo ọjà náà tán. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbé ìlú onílùú rí mọ̀ pé ayọ̀ ń bẹ nínú irú ìyẹn.

Ó pẹ́ kí n tó béèrè Chinedu. Mo ti ń retí pé yóò wá láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí láti ẹnu iṣẹ́, kò wá. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń já ewé ewúro lẹ́yìnkùlé, mo ní, “Nne, Chinedu ńkọ́?” Ó ní ogun ló gbé e lọ. Kì í ṣe ìbọn. Ebi ni, nínú igbó tí wọ́n sá lọ, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ni. Ojú tì mí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ilé ni yóò pa orúkọ ọmọ náà mọ́ kí wọ́n má baà tún dá egbò sí ìyá rẹ̀ lára. Mo wá bi í pé ṣé kì í dùn ún tí wọ́n bá ń pariwo orúkọ ọmọ yìí mọ́ ọn lójoojúmọ́, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ọjà. Ó ní ó ń dun òun. Ó wá ní bí wọ́n bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé ó wá sáyé rí? Mo já ewé mi lọ. Mo rò lọ́kàn mi pé ìṣe wọn ò jọ tiwa.

Èmi náà ní tèmi tí mi ò sọ fún un. Kí n tó kúrò ní Ìkìrun, oyún ti bà jẹ́ lára mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo agbo ilé ti mọ̀ ni ìkíní bà jẹ́, wọ́n sì ti ń fi mí ṣeré pé ìyàwó ń jẹ ẹ̀kọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀kẹta dúró ní Onitsha, ìbẹ̀rù ló ṣáájú ayọ̀.

Tẹlifóònù ìgbà náà kì í ṣe ohun tí à ń gbé dání. Màá ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ọjọ́ báyìí ni màá pè, ìyá mi á wọ mọ́tò lọ sí pósítọ́fíìsì ní Òṣogbo, á jókòó dè mí. Bí ìlà bá wá bọ́ sí i, á kọ́kọ́ kí ẹni tó so wá pọ̀, á kí ará ilé, á kí oko, á kí ojú ọ̀nà, ìdajì àkókò á ti lọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ ti oyún náà fún un, a ò lè sọ̀rọ̀ gbangba, nítorí ẹni tó so ìlà ń gbọ́. Mo ní ẹrù kan dé sọ́wọ́ mi.

“Dì í dáadáa,” ni ìyá mi sọ. “Má tú u han ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kó tú ara rẹ̀.”

Mo sì dì í. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kúkú ni. Mo rán bùbá gbàgẹ̀rẹ̀, mo rán kaba tó fẹ̀ láti àyà, mo mú aṣọ tó ní òdòdó ńláńlá kí ojú má baà rí ibi tó yọ. Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ọkọ mi. Mama Chinedu nìkan ni mo rò pé ó fura, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ ọbẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi láìsọ ìdí. Mi ò sì rán nǹkan kan sílẹ̀ de ọmọ. Ta ni í ra aṣọ de ọmọ tí ojú ò tíì rí? Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń rán látàárọ̀ dalẹ́, tèmi ò ní fìlà kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ti wọlé. Iléeṣẹ́ ọkọ mi ti bá àwọn ìnṣọ́ránsì kan ní Èkó ṣe àdéhùn pé bí òṣìṣẹ́ tàbí ìyàwó rẹ̀ bá ṣàìsàn, àwọn ni yóò san owó ilé ìwòsàn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ya ti aboyún sọ́tọ̀: kí oyún tó kọjá oṣù mẹ́ta, obìnrin gbọ́dọ̀ lọ fi ara han nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá ti inú ìbímọ yọ, ọkọ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ san án. Ọkọ mi sọ fún mi, mo ní kó má pa mí lẹ́rìn-ín. Oyún oṣù mẹ́ta, tí èmi tí mo rù ú ò tíì máa fọkàn tán, ni kí n lọ máa fi han àjèjì? Òun náà ò tún dá a sọ. Ojú rẹ̀ ló ṣe tí méjì ti lọ.

Nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ wá rán aṣọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, ikùn mi wà láàárín èmi àti òun, kò mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ga.

Ọmọ náà ò dúró títí oṣù rẹ̀ yóò fi pé. Àárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, mo dìde nídìí ẹ̀rọ kí n lọ mú àlùmọ́gàjí, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí àga. Mo pe Mama Chinedu. Mi ò mọ èdè tí mo fi pè é. Òun ló dá takisí dúró nínú òjò, tó fi aṣọ rẹ̀ wé mi, tó ń bá mi sọ Igbo nínú mọ́tò títí a fi dé ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ mi ní ẹnu iṣẹ́, ó sì dé ní àkókò tí wọ́n fẹ́ gbé mi wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Ojú rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn, sìmẹ́ńtì wà lára irun rẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, Mama Chinedu ló jókòó tì mí, ọkọ mi dúró sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo mọ̀ kí wọ́n tó sọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kọ̀ kò dá, dókítà sì yọ ilé ọmọ kúrò kí n má baà bá a lọ. Wọ́n ní ó rí ìju níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, ó pọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà wà láàyè nígbà tí wọ́n gbé e jáde, obìnrin ni, ó sì wà títí di ọ̀sán.

Èmi ò rí i. Ojú oorun iṣẹ́ abẹ ni mo wà tó fi wá, tó fi lọ. Àwọn ìyá àgbà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ìlú náà, tí a kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, ti gbọ́, wọ́n sì ti dé. Wọ́n ní ìyá kì í wo òkú ọmọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Mama Chinedu ló gbé e lọ sí Oba, wọ́n sin ín nínú àgbàlá ilé bàbá tó bí Mama Chinedu, aṣọ tí ó ró lọ́jọ́ náà ló fi wé e nítorí kò sí aṣọ mìíràn. Òun nìkan ló gbé e mọ́ra nígbà tó wà láyé. Mo ní kó sọ fún mi bó ṣe rí. Ó ní irun rẹ̀ pọ̀. Ó ní ó yán lẹ́ẹ̀kan bí àgbàlagbà tí oorun ń kùn. Ó ní ó di ìka òun mú, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ pe ìyá mi. Kò kí ẹni tó so ìlà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ lọ, wọn ò sọ èyí tó kù.

“Má sunkún,” ni ìyá mi wí. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Ohun tí à ń wí fún ẹni tí ọmọ kú lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Èmi náà ti wí i fún ẹlòmíràn rí. Mo di fóònù mú, mo ń wá bí mo ṣe máa sọ fún obìnrin yìí, láàárín ariwo pósítọ́fíìsì, pé agbè gan-an ni wọ́n gbé lọ. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi.” Ẹni tó so ìlà ní àkókò ti tán.

Ilé ìwòsàn jẹ́ kí n lọ nítorí iléeṣẹ́ ọkọ mi ti dúró fún wa. Iléeṣẹ́ kọ̀wé sí Èkó, Èkó kọ̀wé padà: oyún tí a kò fi hàn, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ní kì í ṣe ìbímọ mọ́ nígbà tí ìyàwó òun ń kú lọ, àìsàn ni. Wọ́n ní ìbímọ ló fà á. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ikùn mi bí ẹni ń jà sí ààlà ilẹ̀. Èmi tí mo ni ikùn wà nílé, mò ń fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú egbò. Mi ò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ikùn ló ń fà.

Kí ẹ má baà rò pé ọkọ mi níwọra: ó ń kọ́lé ní Ìkìrun. Ògiri ti dúró, òrùlé ló kù. Iléeṣẹ́ ní bí ìnṣọ́ránsì ò bá san án, inú owó oṣù rẹ̀ ni àwọn yóò ti máa yọ ọ́ títí yóò fi tán. Ìyẹn ni pé ilé dúró nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ lẹ́tà, wọ́n rán ọkùnrin kan wá láti Èkó kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wa ní ìjókòó kan níléeṣẹ́. Ẹ wò ó, ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí ọkọ mi, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó jẹ iyán mi. Inú mi dùn láti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àlejò. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní òun ti wo ọ̀rọ̀ yìí yíká, ọ̀nà kan ṣoṣo ni òun rí. Iṣẹ́ abẹ ìju, ìnṣọ́ránsì ń san án. Dókítà sì rí ìju, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò jẹ́rìí pé òun ò rí oyún lára mi. Ohun tó kù ni kí èmi fúnra mi sọ níwájú wọn pé ìju ló gbé ikùn mi, mi ò bí nǹkan kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló sọ, “kì í kúkú ṣe irọ́ tán.”

Kò ṣe é láti pa mí lára. Títí di òní, mi ò bínú sí i. Ó fẹ́ràn wa ni.

Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi jókòó pẹ́. Ó wá ní, “Ọmọ ò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Òmíràn ò sì ní wá. Jẹ́ kí á ní ilé.” Mo ní kò burú. Mo ní màá sọ ọ́. Kí ni ó tiẹ̀ ṣòro nínú rẹ̀? Mi ò rí ọmọ, mi ò gbọ́ ẹkún rẹ̀, mi ò sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá tú ilé wa, ẹ ò ní rí òwú kan tó fi hàn pé mo retí ọmọ rí. Bí mo ṣe dì í tó nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mama Chinedu ń já ewé ewúro. Ó bi mí pé kí ni àlejò wa wá ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, títí kan ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Ó fetí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó ní owó ilé ìwòsàn náà pọ̀ lóòótọ́. Ó ní ọkọ mi jẹ́ ènìyàn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

“Nne,” ló wí, “ṣé ìju ló di ìka mi mú?”

Kò fi ṣe ìjà. Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Ó padà sídìí ewé rẹ̀.

Ọ̀gá òyìnbó, dókítà iléeṣẹ́, nọ́ọ̀sì, ọmọ Abẹ́òkúta náà, àti ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa nìyẹn nínú yàrá kan tí fáànù ń yí nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo wọn òun láti ọrùn dé orúnkún, òun ò rí oyún kankan lára mi. Aṣọ tí mo rán fún un ló wọ̀. Mo wo ibi tí mo ti ká etí aṣọ náà, ó gún régé. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi bo ọmọ mi mọ́lẹ̀ kí ojú má baà wọ̀ ọ́, òun ló dìde dúró níwájú mi tó ń jẹ́rìí pé kò wá.

Òyìnbó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Abẹ́òkúta túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀: “Wọ́n ní ṣé ẹ bímọ ni, àbí ẹ ò bímọ?”

Ọkọ mi ò wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, bó ṣe di fìlà rẹ̀ mú. Mo ti pèsè ìdáhùn mi láti ilé.

“Mo bímọ,” ni mo sọ. “Obìnrin ni. Rẹ̀mílẹ́kún ni orúkọ rẹ̀.”

Mi ò mọ̀ pé mo ti ní orúkọ kan nínú tẹ́lẹ̀. Kò sí omi, kò sí oyin, kò sí bàbá àgbà tó pè é sí etí rẹ̀. Inú yàrá àwọn ìnṣọ́ránsì ni mo ti sọ ọmọ mi lórúkọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ò túmọ̀ rẹ̀. Ó rọra ní kí n tún un rò, pé òun ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo wá yíjú sí òyìnbó, mo fi pijin tí mo kọ́ ní Onitsha sọ ọ́ fún un: “I born pikin. Na girl. She die.” Òyìnbó tẹrí ba. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó ń tọrọ rẹ̀ fún.

Ìnṣọ́ránsì ò san án. Wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù ọkọ mi díẹ̀díẹ̀, ilé Ìkìrun sì dúró láìlórùlé títí koríko fi hù nínú pálọ̀. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kàn ń dákẹ́ sí i ni, èmi náà ń dákẹ́, títí Yorùbá fi tán nínú ilé wa. Nígbà tí iléeṣẹ́ gbé e lọ sí Kaduna, ẹbí rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó kan fún un. Mi ò bá a lọ. Mo gbọ́ pé ìyàwó náà bí ọkùnrin, mo sì rán aṣọ ìkómọ ránṣẹ́ sí wọn, ó dára, mo fi òwú funfun ṣe etí rẹ̀. Mo sunkún lórí rẹ̀, mo sì tún un lọ̀ kí wọ́n má baà rí i.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìjókòó yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Mo délé, mo sọ fún Mama Chinedu pé mi ò lè sọ ọ́. Mo ní mo ti sọ ọmọ lórúkọ. Ó bi mí pé kí ni mo sọ ọ́, mo sọ fún un, ẹnu rẹ̀ ò gbé gbogbo rẹ̀. Ó wí i nínú ara rẹ̀ bíi mélòó kan, ó wá mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀, mo wà lórí ibùsùn, mi ò fẹ́ dìde, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo láti ìdí ẹ̀rọ omi pé omi ti dé. “Mama Remi! Mama Remi, bring bucket!” Mo rò pé ayálégbé tuntun ló kó wá. Ó tún pè é. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohùn Mama Chinedu ni, èmi ló sì ń pè. Mo gbé korobá, mo jáde, mo sì dáhùn. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, gbogbo ojúlé náà ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ọlọ́jà, lẹ́yìn náà àwọn oníbàárà mi.

Mama Chinedu ti lọ báyìí. Mo lọ sin ín ní Oba, ọmọdé àtàgbà ilé náà ń pè mí ní Mama Remi, àwọn tí mi ò rí rí. Ẹnì kan fẹ́ mú mi lọ sí ẹ̀yìn àgbàlá, mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní ẹ jẹ́ kí n jókòó síwájú níbí. Ọmọ Yorùbá ṣì ni mí.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá tèmi náà papò dà. Mo lọ sílé. Ibi tí a jókòó sí, Ìyá Kẹ́mi ni wọ́n ń pe àbúrò mi, Ìyá Bọ̀dé ni wọ́n ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n ń pe olúkúlùkù láti gba oúnjẹ. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó ń pín in wò mí díẹ̀, kò mọ ohun tí ì bá pè mí. Ó ní, “Àǹtí Onitsha, ẹ gba tiyín.” Mo gbà á. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Àánú mi ló ṣe wọ́n, ìdí tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ ọmọ mi mọ́ nìyẹn.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Bridge Head ní Onitsha pẹ̀lú ẹrù mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Obìnrin tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà níbẹ̀ rí mi láti ọ̀nà jíjìn. “Mama Remi, nnọọ,” ló fi kí mi káàbọ̀. Ó ní ndo, ìyẹn ẹ pẹ̀lẹ́, òun gbọ́ nípa ìyá mi. Ó bá mi sọ ẹrù, ó fún mi lómi. Kò béèrè ibi tí Rẹ̀mí wà. Ó mọ̀.